Kí A Wo Ilé Kí A Tó Ya Ìlú: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ ní Kudenda

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a wo àwọn ènìyàn kí a tó ya ìlú wọn sórí ìwé. Ṣùgbọ́n a kò fi èyí dá Kàdúná sílẹ̀.

Nígbà tí Lugard tẹ ìlú náà dó láti fi ṣe olú-ìlú Òkè Ọya, ìyàsọ́tọ̀ ni ìpìlẹ̀ ètò rẹ̀. Ìlànà àwọn òyìnbó nígbà náà ni pé kí àlàfo 440 yáàdì wà láàrin ibùgbé tiwọn àti ti ènìyàn dúdú. Àìsàn ibà ni wọ́n fi ṣe àwíjàre.

Ní ọdún 1967, Max Lock àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbé ètò mìíràn jáde, tí ó wo ọdún 2017 níwájú. Kí wọ́n tó ya ohunkóhun, wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí nípa ilé àti iṣẹ́ àwọn ará ìlú. Àyípadà ńlá ni èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Kudenda, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní ìhà gúúsù Kàdúná. Òṣìṣẹ́ a máa fẹ́ gbé nítòsí iṣẹ́ rẹ̀. Bí owó rẹ̀ kò bá ká ilẹ̀ ìjọba, ilẹ̀ oko ni yóò rà, ìwé tí olóko kọ fún un nìkan ni yóò sì mú dání. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ náà, ilé àti irè oko ni òfin ka owó gbà-má-bínú sí, kì í ṣe iye tí a fi ra ilẹ̀.

Ẹ rántí Maroko ní Èkó. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó o palẹ̀. A fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni kò nílé mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ wádìí ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ìlú kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé yín. Kí àwọn aláṣẹ náà pe ará àdúgbò sí ìjíròrò kí katakata tó dé. Ẹni tí ń fi òógùn rẹ̀ gbé ìlú ró, ó tọ́ kí ìlú fún un ní ibi tí yóò forí lé.