Oúnjẹ Ọ̀sán Òṣìṣẹ́: Àpò ń Sunkún, Ara ń Ráhùn

Àwọn àgbà a máa sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí aago 1 ọ̀sán bá ti ń sún mọ́ etílé ní Sẹkitéríàtì Àgódi ní Ìbàdàn, tàbí ní Aláùsá ní Ìkẹjà, kò sí òṣìṣẹ́ tí òwe yìí kò yé. Fáìlì á di pípadé, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá olóúnjẹ. Níbẹ̀ ni àmàlà ti ń jáde láti inú kúlà, tí ewédú àti gbẹ̀gìrì ń ta sánsán, tí ìrẹsì, ẹ̀wà àti dòdò sì ń dúró de ẹni tí yóò rà wọ́n.

Ẹ̀tọ́ ni ìsinmi ọ̀sán jẹ́, kì í ṣe ojú àánú ọ̀gá. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà là á sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní dín ní wákàtí 1. Ohun tí olúkúlùkù ń fi wákàtí náà ṣe ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò.

Ẹni tí ó ń gbé Ìkòròdú tàbí Sángo Ọ̀tà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Erékùṣù Èkó, ní láti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má baà dá a dúró. Àyè oúnjẹ òwúrọ̀ kò sí fún un. Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò fẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òkèlè á ga bí òkè, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á sì tẹ̀ lé e. Kí aago 3 tó lù, oorun á ti gbé e, ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀ á sì di ìrọ̀rí.

Oorun yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Òkèlè àti ìrẹsì a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n bá sì pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, ara á wúwo, ojú á sì máa dì. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ti ń ṣe ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù. Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Iyọ̀ àjẹjù a máa dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn kan wà tí wọn kì í dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ rárá. Gàrí ni wọ́n ń mu, pẹ̀lú omi tútù àti ṣúgà. Gàrí á wú, ebi á sì rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà tí ń tún ara ṣe kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀pà tí wọ́n bá fi sí i ni ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́.

A kò lè dá wọn lẹ́bi. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó jẹ́ 30,000 náírà ní ọdún 2019, di 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024. Bí ẹni tí ń gba iye yìí bá ń ná 1,500 náírà péré lórí oúnjẹ ọ̀sán fún ọjọ́ 22 tí ó fi ń ṣiṣẹ́ nínú oṣù, 33,000 náírà ni yóò bá a lọ. Kí ni yóò ṣẹ́ kù fún owó ọkọ̀, owó ilé àti owó iléèwé ọmọ?

Nítorí náà ni àwìn ṣe gbilẹ̀. Ìyá olóúnjẹ á kọ orúkọ sínú ìwé, á sì máa retí ìparí oṣù. Ṣùgbọ́n òun náà ń ra èlùbọ́, epo àti gáàsì lówó gọbọi. Bí owó oṣù bá pẹ́, òṣìṣẹ́ á gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá, owó òwò ìyá olóúnjẹ á sì wọlẹ̀. Gbèsè kan náà ni ó ń fi ebi pa ilé méjì.

Àtúnṣe kò jìnnà. Ẹni tí ó bá lè se oúnjẹ lálẹ́, kí ó bù ú sínú kúlà dání. Àǹfààní ni, kì í ṣe ìtìjú. Kí ó fi nǹkan díẹ̀ panu ní òwúrọ̀, ì báà ṣe ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, kí ebi ọ̀sán má baà sọ ọ́ di alájẹjù. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹ̀wà máa yọjú lóòrèkóòrè, kí omi sì rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Iléeṣẹ́ tí ó bá fún àwọn olóúnjẹ ní ibi tí ó mọ́ àti omi tí ó dára, òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń tọ́jú.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Wákàtí kan tí òfin fún òṣìṣẹ́, fún ìsinmi àti ìlera ni; kí ó má ṣe fi ra àìsàn, kí ó má sì fi jẹ gbèsè.