Òkèlè Mẹ́ta, Inú Ti Kún: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Rí Dókítà?

Nínú ilé Mùsùlùmí, ẹni tí kì í jẹun púpọ̀ a máa gba ìyìn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa, nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, pé ká fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn fún omi àti èémí. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè jẹun tó sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ebi ń pa, tó jókòó ti àmàlà nígbà ìṣínu, tí inú rẹ̀ sì kún dí lẹ́yìn òkèlè mẹ́ta. Àwọn ará ilé á ní ààwẹ̀ ló mú ìfun rẹ̀ súnkì. Bí ó bá ti ń ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má gba àlàyé yẹn.

Bí oúnjẹ bá wọ inú àpòlúkù, òkè rẹ̀ máa ń rọ̀, á fẹ̀ láti gbà á. Lẹ́yìn náà ni á pò ó, tí á sì máa tú u sínú ìfun díẹ̀díẹ̀, fún bíi wákàtí mẹ́rin. Bí òkè kò bá rọ̀, tàbí tí ẹrù àná kò tíì kúrò nílẹ̀, kíá ni èèyàn á yó.

Ní Mushin àti Yaba, “ulcer” ni a máa ń pè é kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, ọgbẹ́ inú lè fà á. Kòkòrò Helicobacter pylori ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Barry Marshall, dókítà ará Ọsirélíà, mu kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ní 1984 kí wọ́n lè gbà á gbọ́, òun àti Robin Warren sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Àyẹ̀wò wà fún un, oògùn rẹ̀ sì sábà máa ń gba ọjọ́ 14. Oògùn funfun tí à ń mu láti kẹ́míìsì kàn ń pẹ̀tù sí i ni. Oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen, tí àwọn àgbà ń lò fún orúnkún, náà ń dá ọgbẹ́ sí inú.

Èyí tí a kì í fura sí ni ìtọ̀ ṣúgà. Bí ṣúgà bá pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ba iṣan tó ń darí àpòlúkù jẹ́, oúnjẹ á wá dúró pa síbẹ̀. Ewu ńlá ni fún ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin: abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ kò tíì dé inú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà á já wálẹ̀ lójijì. Bí màmá yín bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí kò sì lè parí àwo mọ́, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó dé. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Àìrí ìgbẹ́ yà dáadáa, ẹ̀dọ̀ wíwú àti omi inú ikùn náà lè fún àpòlúkù pa. Oyún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Bí ẹni náà bá ń rù láìgbìyànjú, tó ń bì lemọ́lemọ́, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, tàbí tó ti lé ní 50 kó tó bẹ̀rẹ̀, jẹjẹrẹ àpòlúkù wà lára ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí èébì ẹlẹ́jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kíákíá. Ní LUTH, Ìdí-Àrábà, wọ́n ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wo inú láti ọ̀fun. Kò pẹ́ rárá, wọn kì í sì í la ikùn.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ máa bu oúnjẹ díẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀márùn-ún dípò ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ dín òróró kù, torí ọ̀rá kì í tètè kúrò nínú àpòlúkù.