Bátìrì Ọkọ̀ Tó Kú: Ká Ṣájì Rẹ̀ Ni, Àbí Ká Ra Òmíràn?

Lásìkò ọ̀gìnnìtìn ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ tí ọkọ̀ kò ní dáhùn. Ẹni tó ń wa táásì, ẹni tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, bí ọkọ̀ kò bá gbéra, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Ìkánjú á wá mú ká sáré ra bátìrì tuntun, èyí tó lè gba odindi owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó jẹ́ pé iná inú ti àtijọ́ ló kàn tán. Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣe é wò, a kì í wo ikú. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lápò.

Èkíní, kí ló pa á? Bí ẹ bá gbàgbé iná iwájú ní títàn mọ́jú, tàbí tí ẹ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọkọ̀ wà lójú kan, a ti mọ ohun tó fà á. Ìrìn kúkúrú náà ń dá kún un: ìrìn ìṣẹ́jú 10, pẹ̀lú hítà àti iná, kì í sábà dá gbogbo iná tí ẹ́ńjìnnì gbà nígbà tó ń gbéra padà. Irú èyí, ṣájì ló fẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, torí bí bátìrì bá wà láìní iná, ohun funfun kan á lẹ̀ mọ́ àwọn àwo òjé inú rẹ̀, á sì le débi tí kò ní gba iná dáadáa mọ́.

Èkejì, ọdún mélòó ló ti lò? Ọ̀pọ̀ bátìrì ń lo ọdún 3 sí 5, òmíràn ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtútù ń dín agbára rẹ̀ kù, ó sì ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ti gbó fi ń já ni kulẹ̀ nígbà ọ̀gìnnìtìn. Ẹ wo ara rẹ̀ náà. Bó bá wú, tó là, tí ásíìdì ń jò, tàbí tí omi inú rẹ̀ ti dì, ẹ má ṣájì rẹ̀ rárá.

Ẹ̀kẹta, kí ni mítà sọ? Ẹ fi ṣájà sí i títí yóò fi kún. Ṣájà amp 4 lè lo wákàtí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bátìrì amp-hour 60 tó ti tán pátápátá, àmọ́ owó iná tó máa jẹ kì í tó pọ́n-ùn kan. Níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, torí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì lè bú gbàù. Ẹ rántí pé fífi wáyà gba iná lára ọkọ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ṣájì. Kí ọkọ̀ lè gbéra nìkan ló wà fún. Bó bá ti kún, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wọ̀n ọ́n:

– 12.6 volt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó kún, ó sì di iná mú.
– 12.2 volt: bí ìdajì ló kù. Kò di iná mú dáadáa mọ́.
– 10.5 volt tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀: yàrá 6 ló wà nínú bátìrì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi volt 2.1 wá. Ó jọ pé ọ̀kan ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Òmíràn wà tí mítà á ní ó kún, síbẹ̀ tí kò ní lè ta ẹ́ńjìnnì jí. Ẹ gbé irú rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta bátìrì kí wọ́n dán agbára rẹ̀ wò. Àwọn kan kì í gba owó fún un.

Ẹ̀kẹrin, ṣé alternator ń ṣiṣẹ́? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà lórí bátìrì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yẹ kó wà láàárín volt 13.8 sí 14.7. Bó bá jẹ́ 12 ni, tó sì ń lọ sílẹ̀, alternator tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Bí ẹ bá ra bátìrì 2, àwọn méjèèjì ló máa kú.

Bó bá wá di dandan láti rà, ẹ wo irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń dá kú fúnra rẹ̀ níbi iná tráfíìkì, AGM tàbí EFB ló ń lò. Bó bá jẹ́ AGM lẹ bá níbẹ̀, AGM ni kí ẹ fi dípò rẹ̀. Èyí tó wọ́n díẹ̀ yìí á pẹ́ ju gbàrọgùdù lọ. Ẹ má ju ti àtijọ́ sínú ìdọ̀tí ilé. Òjé àti ásíìdì inú rẹ̀ léwu, òfin ọdún 2009 níbí sì ka rírì bátìrì ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí léèwọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ibi ìkódọ̀tísí káńsù yín.

A ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o.