Kó, Pa àti Wọlé: ‘Rake in’ Lójú Gírámà Yorùbá

Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ lẹ́nu lásán, bí ènìyàn bá ń rí owó ńlá láìdáwọ́dúró, wọ́n á ní ó ń ‘rake in’ owó. Irinṣẹ́ eléyín tí a fi ń wọ́ koríko gbígbẹ jọ ni ‘rake’. ‘In’ ló ń tọ́ka sí ibi tí ohun tí a wọ́ jọ ń lọ. Níbo wá ni Yorùbá ń fi ìtumọ̀ méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ àti ìwọlé, sí?

Ẹ jẹ́ kí a fi olóúnjẹ kan ní Mafoluku, nítòsí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ṣe àpẹẹrẹ. “Ó ń pawó” kò sọ iye: ẹni tó jèrè ₦1,000 lóòjọ́ pawó, ẹni tó jèrè ₦1,000,000 náà pawó. “Ó ń kówó wọlé” yàtọ̀. Bí a bá yọ “kó àrùn” àti irú rẹ̀ sílẹ̀, “kó” kì í sábà bá ohun ẹyọ kan rìn: a ń gbé àga kan, a ń kó àga mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀-orúkọ “owó” kò ní àmì ọ̀pọ̀ lára. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló bá a gbé e.

“Wọlé” ló ń ṣe iṣẹ́ ‘in’, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ atọ́kùn. “Owó wọlé” jẹ́ odindi gbólóhùn. ‘In’ kò lè dá dúró bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé àpilẹ̀kọ jáde ní 1974 lórí ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ àti ipò wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán láàárín àwọn onímọ̀ gírámà. (Ilé sì tún wà nínú “wọlé”, ìbáà jẹ́ báńkì ni owó náà ń lọ.)

Lójú tèmi, ibí yìí ni ewu wà fún atúmọ̀ èdè, pàápàá ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn. Fi “jẹ” rọ́pò “wọlé”: “Ó kówó jẹ.” Oníṣòwò ti di olè. Bí a bá gé ọ̀rọ̀-ìṣe kejì kúrò, tí a kọ “ó kówó ní ọjà”, òǹkàwé lè rò pé owó olówó ló kó. ‘Rake in’ lè fura sí ènìyàn díẹ̀ láìfẹ̀sùn kàn án. Yorùbá ní láti yàn, orúkọ ọmọlúàbí sì lè bàjẹ́ nínú àṣàyàn náà. Nítorí náà, kí ìwé atúmọ̀ èdè má to “kó owó” nìkan; kí ó to “kó owó wọlé”, “kó owó jọ” àti “kó owó jẹ” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ku ‘rake it in’, níbi tí ‘it’ kò ti tọ́ka sí ohunkóhun tí a ti dárúkọ. Bí a bá sọ pé “ó ń kó o wọlé”, olùgbọ́ á béèrè pé, “Kí ni?” Ti “pa” tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí “owó” gbọ́dọ̀ hàn kí ìtumọ̀ èrè tó jáde. Ẹni tó bá sọ nípa olóúnjẹ wa pé “ó ń pa á”, ọlọ́pàá ló ń pè.