Láti Ọba Àkran dé Etí Òkun

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ló ń gba ọ̀nà Ọba Àkran kọjá lójoojúmọ́. Ariwo ẹ̀rọ, èéfín jẹnẹrétọ̀, tírélà tó dí ojú ọ̀nà pa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín nínú dánfó pé ta ni ń jẹ́ Àkran, ẹ ó rí i pé yóò kàn máa wò yín lójú ni. Àkran ni orúkọ oyè ọba Àgbádárìgì. Ọba Claudius Dosa Akran, tí wọ́n fi sọ ọ̀nà náà lórúkọ, jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ìjọba tó dá àgbègbè iléeṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀. Ibi tí a ti ń làágùn láti àárọ̀ dé alẹ́, orúkọ ọba etí omi ló ń jẹ́.

Ìlú ọba yẹn ni mo mú ọmọ mi obìnrin lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù kan nílé ìwé. Nígbà tí mo fẹ́ fọwọ́ sí i, mo rí i pé níbi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀sìn, ẹ̀sìn ẹlòmíràn ló kọ síbẹ̀. Mi ò bá a jà. Ṣebí èmi náà, bí wọ́n bá bi mí níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ni mo fi ń gbé e kọjá. Ìyá àgbà ni mo lọ sọ fún, ìyá tó bí mi, tó ti ń bọ Olókun láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Ọmọ yẹn ò rí òkun rí. Inú ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi ni gbogbo Olókun tó mọ̀ wà. Mú un lọ kí i. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè lọ, ẹ bá mi bu omi bọ̀."

Láàárọ̀ Sátidé, a wọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, a gba Ìgándò dé Ìyànà Ìbá, a sì wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì níbẹ̀. Ọ̀nà náà gùn, ó sì bàjẹ́ láwọn ibì kan, nítorí náà ẹni tó bá ń lọ kó tètè jáde.

Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni ìlú náà. Wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n sì ní Zangbeto, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni òru. Òun ló ń ṣọ́ ìlú nígbà tí gbogbo ayé bá sùn. Ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845 ni gbogbo èèyàn ń lọ wò, ọmọ mi náà sì ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò sọ fún un pé Vlekete, tí ọjà ẹrú àtijọ́ ń jẹ́, orúkọ òrìṣà ni, àti pé ojúbọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìlú.

A wọ ọkọ̀ ojú omi, a la ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Gberefu. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn nínú yanrìn, láàárín igi àgbọn. Kò sí ariwo ẹ̀rọ kankan mọ́, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. A dé ibi kànga kan lójú ọ̀nà. Wọ́n ní omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú mu, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Iwájú díẹ̀, òkun ló kù, níbi tí wọ́n ń pè ní ibi àlọ àìpadà.

Ọmọ mi bi mí pé: "Bàbá mi, ṣé wọ́n gbàgbé lóòótọ́?"

Mo ní wọn ò gbàgbé. Mo sọ fún un pé ní Bahia, ní Brazil, ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn èèyàn ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ń gbé òdòdó lọ fún Yemọja létí òkun. Ní Cuba, wọ́n ṣì ń fi ikin bi Ifá. Ohun tí mo rò tẹ̀ lé e, mi ò sọ ọ́ síta: àwọn tó mu omi kànga kò gbàgbé, àwa tí a ò mu ún là ń kọ orúkọ ẹlòmíràn sí fọ́ọ̀mù.

A bọ́ bàtà, a kí Olókun bí ìyá àgbà ṣe kọ́ wa. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló bu omi sínú ike, ìgbì sì rẹ aṣọ rẹ̀ dé àyà. Ó tún rí ọ̀rá píọ́ wọ́tà lórí yanrìn, ó ní: "Ti Agége náà dé ibí?" Òótọ́ ló sọ. Ohun tí a jù sí gọ́tà, odò ló ń gbé e lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà ń gbé e lọ sókun. A ò lè máa bọ Olókun nínú yàrá ká tún máa da ìdọ̀tí sí i lágbàlá.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọmọ gbé ike náà lé itan. Ìyá kan nínú ọkọ̀ bi í pé kí ló gbá mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Mo kọjú sí fèrèsé, àyà mi ń já. Ó ní: "Omi Olókun ni, mà. Ti ìyá àgbà mi ni." Ọkọ̀ dákẹ́. Ìyá náà wò ó, ó ní: "Bá mi kí wọn o."

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ. Ní 2023 ni ìjọba Èkó kéde ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù Kẹjọ. Ẹ lè fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dúnàá dúrà owó ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, ìgbì ibẹ̀ le. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọ ojúbọ kankan tàbí kí ẹ ya fọ́tò. Ẹ kó ìdọ̀tí yín padà wálé.

Ní ti fọ́ọ̀mù, ilé ìwé yóò fún wọn ní òmíràn ní táàmù tó ń bọ̀. Mi ò tíì bi í ohun tí yóò kọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi èmi náà níbi iṣẹ́, ní ọ̀nà Ọba Àkran níbẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo dá wọn lóhùn.

Àbọrú, àbọyè.