Iye Ìwé àti Iye Ìdárúkọ: Bí A Ti Ń Wọn Iṣẹ́ Àwọn Onímọ̀

Ní ọdún 2022 ni a sọ Polytechnic ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ìkòròdú di Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, ti ń bi wá léèrè pé, “Alàgbà, èéṣe tí wọ́n fi ń wí pé olùkọ́ ọmọ wa kò ní ìwé tó, nígbà tí ìwé kún ilé rẹ̀ dé àjà?”

Ìwé tí wọ́n ń wí kì í ṣe èyí tí ènìyàn rà. Ìròyìn ohun tí onímọ̀ fúnra rẹ̀ wádìí ni, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹlòmíràn bá sì lo ohun tí a rí níbẹ̀, ó di dandan fún un láti dárúkọ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ rí i. Ìdárúkọ wọ̀nyí ni a ń kà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti Ìbàdàn. Ní ọdún 1969, àwọn mẹ́ta tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Luzzatto ará Ítálì, Usanga, àti Reddy, tẹ ìwé kúkurú kan jáde nínú *Science* ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí ibà ń ṣe ni wọ́n wò. Nínú ara àwọn kan lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì ni ó wà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà: èyí tí èròjà tí à ń pè ní G6PD pé nínú rẹ̀, àti èyí tí kò pé nínú rẹ̀. Wọ́n fi awò tí í mú ohun kékeré tóbi lójú ka èyí tí kòkòrò ibà wọ̀. (Iṣẹ́ sùúrù ni, kì í ṣe fún ẹni tí ojú ń kán.) Wọ́n rí i pé kòkòrò náà wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó pé ní ìlọ́po 2 títí dé ìlọ́po 80 ju ti èyí tí kò pé lọ. Nítorí náà, àbùkù ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ púpọ̀ sì ti dárúkọ ìwé náà láti ìgbà náà wá.

Garfield, ará Amẹ́ríkà, ni ó dábàá ní ọdún 1955 pé kí a kó irú ìdárúkọ bẹ́ẹ̀ jọ. Ní ọdún 1964 ni ìwé atọ́ka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọdún 2005 ni Hirsch mú ìwọ̀n mìíràn wá, tí à ń pè ní h. Bí a bá dárúkọ ìwé márùn-ún tí ẹnì kan kọ ní ìgbà 30, 9, 4, 2 àti 0, h rẹ̀ jẹ́ 3, nítorí ìwé mẹ́ta ni ó ní ó kéré tán ìdárúkọ mẹ́ta-mẹ́ta. Ìdárúkọ 30 náà kò fi kún un mọ́.

Ìwọ̀n yìí ní àlèébù. Ẹni tí ó bá wádìí àrùn ẹja inú ọ̀sà wa lè rí ohun tí yóò gba oúnjẹ là lẹ́nu ìyà fún àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́, kí ènìyàn mẹ́wàá péré sì dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń wádìí irú rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn mìíràn a sì máa fi òkìkí ìwé àtìgbàdégbà díwọ̀n ẹni tí ó kọ̀wé sínú rẹ̀, bí ẹni tí ó ra ẹja nítorí ìsọ̀ tí a pàtẹ rẹ̀ sí, láìgbóòórùn rẹ̀. Lójú tiwa, ìwà ọ̀lẹ ni. Àwọn olóòtú àti àwọn tí ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà fi ohùn ṣọ̀kan lòdì sí i, ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti Amẹ́ríkà ní San Francisco ní oṣù Kejìlá ọdún 2012.

Ohun kan ṣì ń dùn wá. Bí àwọn mìíràn bá ń tọ́ka sí ìwé ọdún 1969 yẹn, “Luzzatto àti àwọn mìíràn” ni wọ́n sábà máa ń kọ. Usanga di ọ̀kan nínú “àwọn mìíràn.” Ní ọdún 1985, nígbà tí òun àti Luzzatto tún tẹ ìwé jáde nínú *Nature* lórí bí kòkòrò ibà ti í bá ara rẹ̀ mu nínú irú sẹ́ẹ̀lì kan náà, orúkọ Usanga ni ó ṣáájú.