Pópó Àgùdà

Pópó Àgùdà jẹ́ àdúgbò àtijọ́ kan ní Erékùṣù Èkó, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tí wọ́n padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àdúgbò náà lókìkí fún àwọn ilé rẹ̀ tí wọ́n ní ọnà àrà ọ̀tọ̀, àti fún àwọn òpópónà tóóró tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn já.

Ìtàn

Ní ọdún 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ọ̀tẹ̀ ní ìlú Salvador, ní Bahia. Ìyà àti ìfúra tí ó tẹ̀lé ọ̀tẹ̀ náà mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti gba òmìnira wá ọ̀nà àtipadà sí Áfíríkà. Pópó Àgùdà di ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò mẹ́rin pàtàkì tí Èkó ìgbà náà ní. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn Sàró wà ní Olówógbówó, àwọn òyìnbó sì wà ní Marina.

Púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́: bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ. Nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, orúkọ wọn di orúkọ tí Yorùbá fi ń pe ìjọ náà títí di òní.

Ọnà àwọn ilé

Agboolé Yorùbá àtijọ́ yí àgbàlá ká. Ilé Àgùdà yàtọ̀: ọ̀nà kan la àárín rẹ̀ já láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Orí fèrèsé wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó àti ewé yí i ká. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn ni ìlẹ̀kùn fèrèsé. Ó ń gba atẹ́gùn wọlé, ó sì ń dí oòrùn lọ́nà. Ẹ̀ka ilé kíkọ́ yìí tàn dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn.

Lára àwọn ilé tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ni Ilé Omi ní òpópónà Kakawa, tí João Esan da Rocha kọ́. Láyé àtijọ́, àwọn ará àdúgbò máa ń ra omi kànga rẹ̀. Ilé náà ni òǹkọ̀wé ọmọ Bràsíl, Antonio Olinto, gbé ìtàn àròsọ rẹ̀ ti ọdún 1969 kà. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, jẹ́ iṣẹ́ João Baptista da Costa.

Ìdí tí ó fi ń wu ènìyàn

Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe ọnà wọ̀nyí, nítorí náà ilé méjì kì í jọra tán. Ẹnu ọ̀nà ilé ṣí sí òpópónà tààrà, ẹni tí ó jókòó sí fàráńdà òkè sì lè kí ẹni tí ń kọjá nísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ọjà àti ilé ẹbí kò jìnnà síra wọn. Àwọn òpópónà yìí kan náà ni àwọn oníjó Kàrẹ́tà máa ń gbà kọjá ní àsìkò ọdún.

Ìtóbi àǹfààní yìí hàn nígbà tí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Láti ọdún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan àárín gbùngbùn Èkó nítorí àpọ̀jù èrò àti àìmọ́tótó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Onímọ̀ Peter Marris, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1961, fi hàn pé ilé tuntun náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ di ìnira, ìbẹ̀wò láàárín ẹbí sì dínkù.

Ewu àti ìdáàbòbò

Ilé Fernandez, tí a tún mọ̀ sí Ìlòjò Bar, ní ojúde Tinúbú, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Òfin dáàbò bò ó lórí ìwé, ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í tún òrùlé tí ń jò ṣe. Ilẹ̀ Erékùṣù Èkó ti wọ́n gógó. Ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ogún tí ọmọ púpọ̀ jọ ni, àtúnṣe ọnà àtijọ́ sì ń béèrè owó àti bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 2013, ṣì ń gba àwọn olùjọ́sìn. Lílò tí wọ́n ń lò ó kò jẹ́ kí ó di ahoro.